Asẹ́ Omi àti Ohun Kan Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àkọsílẹ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún kejì ni mo wà ní girama nígbà tí ilé-ìwé parí fún mi, láti ìgbà náà ọwọ́ mi mọ ọṣẹ ju bírò lọ. Bí mo bá kọ gbólóhùn kan tán, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n fún un bí aṣọ, kí n wò ó bóyá nǹkan ṣì kù nínú rẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni bí nǹkan yìí ṣe ṣẹlẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà ni n ó sì ṣe kọ ọ́, títí kan ibi tí kò bu iyì kún mi.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni èmi àti Àǹtí mi ń ṣe ní Addo. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, àwọn ni wọ́n mú mi wá sí Èkó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó aṣọ wá fún wa jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Bíríkìlà wà nínú wọn, télọ̀ wà, ẹni tó ń ṣe kátàkárà fóònù wà, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, sútánà funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀. Aṣọ funfun kì í bá alágbàfọ̀ bo nǹkan kan. Bí o bá fọ̀ ọ́ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa rí i. Bí o kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, gbogbo ìjọ ni yóò rí i.

Omi ló ń dà wá láàmú. Omi bóòhóòlù tó wà lẹ́yìn ilé wa a máa mọ́ kedere bó bá ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, wàá rí ìdí ife bí o bá bù ú. Ṣùgbọ́n gbé e kalẹ̀ di ọ̀la, yóò di àwọ̀ tíì. Fi fọ aṣọ funfun, kí o sá a, ọrùn àti abíyá rẹ̀ yóò pọ́n bí ìgbà tí irin dípẹtà sí i lára. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wa máa ń da búlíìṣì sí i, wọn ò mọ̀ pé búlíìṣì gan-an ló máa jẹ́ kí ìpẹtà náà fò jáde lójú ẹsẹ̀. Àǹtí mi máa ń sọ pé omi tó ń wo ojú èèyàn tó sì ń purọ́ ni.

Nítorí omi yìí, kò sí oníbàárà tó gbà wá gbọ́ tán. Wọ́n máa ń rò pé omi gọ́tà la fi ń fọ̀ ọ́, tàbí pé a ń kó aṣọ tiwọn mọ́ ti ẹlòmíì. Obìnrin kan wà tí a ń pè ní Ìyá Ìjọ, torí pé òun ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Wọ́n fi òwú pupa rán àmì sí etí sútánà wọn kí a má baà fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀.

"Kì í ṣe pé n kò gbà yín gbọ́ o," wọ́n sọ fún Àǹtí mi lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń wá òwú náà. "Ojú mi ni n kò gbà gbọ́."

"Ojú yín náà kò gbà wá gbọ́, Màmá," Àǹtí mi dá wọn lóhùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ kò fi òwú náà sílẹ̀ títí wọ́n fi rí i.

Ní ẹ̀yìn ògiri wa, wọ́n ń kọ́ ilé alájà kan. Àwọn lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá láti ìhà Ọ̀ṣun àti Èkìtì, inú ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán náà ni wọ́n ń sùn. Ọ̀kan nínú wọn máa ń sá síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí ògiri lọ́sàn-án. Ó funfun bí òwú. Omi kan náà là ń lò, bóòhóòlù tiwọn kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ sí tiwa. Báwo ni síńgílẹ́ẹ̀tì lébìrà ṣe wá funfun ju sútánà Ìyá Ìjọ lọ? Ojú ń tì mí láti béèrè. Mo kàn ń yọjú láti ibi tí ògiri ti sán, bí ẹni tó ń ṣọ́ olè, fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí mo rí nìyí. Táńkì wọn wà lókè lórí pákó, ìdí rẹ̀ ti jò. Omi ń kán níbẹ̀ ní ẹ̀kán kéékèèké, ó ń kán sórí òkìtì yanrìn tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì. Orí yanrìn náà ti pọ́n, ó le bí èèpá. Omi tó bá gba inú yanrìn náà kọjá ń ṣàn bọ́ sínú àgbá kan tí wọ́n gé láàbọ̀ nísàlẹ̀. Inú àgbá yẹn ni ọkùnrin náà ti ń bu omi ìfọṣọ.

Mo wá rọ́bà ọ̀dà mẹ́ta, mo fọ̀ wọ́n. Mo rọ yanrìn àti èédú sí ọ̀kan, mo dá ihò sí ìdí rẹ̀, mo gbé e lé orí òmíràn, mo da omi sí i. Áńkáṣífì tí mo fi omi náà fọ̀ tún pọ́n. Mo fi kún yanrìn, mo fi kún èédú, ó tún pọ́n. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé ẹ̀kán ni omi àwọn lébìrà ń kán, wọn kì í dà á. Mo wá ki ìṣó bọ iná, mo fi lu ìdí rọ́bà kẹta ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́, mo gbé e kọ́ sí ẹ̀ka igi máńgòrò wa kí ó jìnnà sí yanrìn tó gígùn apá. Omi ń bọ́ sílẹ̀ bí òjò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, orí yanrìn mi náà pọ́n. Áńkáṣífì tí mo fọ̀ funfun lọ́jọ́ náà, ó funfun lọ́jọ́ kejì, ó sì tún funfun lọ́jọ́ kẹta.

N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ bí onímọ̀. Èrò tèmi ni pé omi náà ti pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ tí kò rí atẹ́gùn. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni yóò tó jọ̀wọ́ ìpẹtà tó wà nínú rẹ̀, yanrìn yóò wá gbà á mú. Láìsí òjò yẹn, yanrìn kàn ń wo omi kọjá ni.

Nígbà tí mo fi áńkáṣífì náà han Àǹtí mi, wọ́n kò yìn mí. Wọ́n kọ́kọ́ lọ ti géètì.

"Ta ló ti rí i?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wá jókòó, wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe kọ́ ọṣẹ sísè nígbà èwe wọn lọ́dọ̀ obìnrin kan. Ọ̀gá wọn kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀, àyàfi bí a ṣe ń mọ̀ pé omi eérú ti tó. Ní gbogbo ìgbà tí omi eérú bá fẹ́ tó, yóò rán gbogbo ọmọọṣẹ́ lọ ṣẹ́gi. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe fírídọ̀mù ni ọ̀gá tó pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ tó sọ ọ́ sí wọn létí.

"Kì í ṣe ìkà," Àǹtí mi sọ. "Bí gbogbo ọ̀gá ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí o bá kọ́ ọmọọṣẹ́ tán kó tó ṣe fírídọ̀mù, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣí ìsọ̀ kọjú sí tìrẹ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé rọ́bà òkè sọ̀kalẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ kíkàn géètì.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí èyí tó kù ni Bọ̀dá Páìpù. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, iṣẹ́ páìpù ló ń ṣe, ó ní ìsọ̀ ní ọjà Ṣàngótẹ̀dó, wọ́n sì máa ń pè é dé àwọn ọ́fíìsì ní Lẹ́kkí Phase 1. Ó wá tún páìpù ẹ̀rọ omi wa ṣe, Àǹtí mi kò sí nílé. Mo sáré gbé rọ́bà òkè sílẹ̀, mo kó pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ sínú rẹ̀ kí ó lè dà bí ohun ìkó-nǹkan-sí. Ṣùgbọ́n méjì tó kù wúwo, n kò lè gbé wọn.

"Sísí, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ fẹ́ gbìn sínú rọ́bà ni?"

Mo mi orí pé rárá.

"Àbí ìgbín lẹ ń sìn? Ẹ máà jẹ́ kí wọ́n jẹ sútánà oní sútánà o."

"Omi la ń sẹ́," mo sọ fún ilẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ sẹ́ kúrò lára rẹ̀? Omi yìí mọ́ ju ojú èmi lọ."

N kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n áńkáṣífì méjì wà lórí okùn, èyí tó pọ́n àti èyí tó funfun, ó sì ti rí wọn. Ó wò wọ́n títí. Ó bù nínú omi tó wà nínú rọ́bà ìsàlẹ̀, ó fi ṣan ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, àwàdà ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ilé tuntun tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngótẹ̀dó, kò sí èyí tí omi yìí kò ti ba táìsì wọn jẹ́. Ọjà ló yẹ kí nǹkan yìí wà, kì í ṣe abẹ́ igi máńgòrò. Jẹ́ kí n fi àgbá àti ẹnu ẹ̀rọ ṣe é kó dára lójú, ká gbé e síwájú ìsọ̀ mi. Tìrẹ ni ọgbọ́n, tèmi ni ọwọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Bí ó ṣe ń lọ, ó yọ fóònù rẹ̀, ó ya rọ́bà mi ní fọ́tò.

"Ó ya fọ́tò?" Àǹtí mi béèrè nígbà tí wọ́n dé. "Ó ti gbé e lọ nìyẹn."

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà rò. Èmi àti àwọn kò mọ bí a ṣe ń gé àgbá. A kò ní ìsọ̀ lọ́jà. Bí a bá fẹ́ kí asẹ́ omi náà kúrò nínú ilé wa kó sì di ohun tí a ó fi dá wa mọ̀, a nílò ọwọ́ ẹnì kan. Àǹtí mi ní kí n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí n má kọ́ ọ tán. Kí rọ́bà oníhò yẹn wà nípamọ́ títí a ó fi mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Báyìí ni mo ṣe ṣe é. Ó padà wá pẹ̀lú ìwé kékeré kan, ó ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà mélòó ni kí òun fọ yanrìn? Ṣé kí èédú wà lókè ni àbí nísàlẹ̀? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni mo ń yí wò síwá sẹ́yìn, bí mo ṣe máa ń wá àbàwọ́n lára aṣọ, kí n tó dáhùn. Níkẹyìn, ó béèrè bí a ṣe ń da omi sí i.

"Ẹ ṣáà dà á sí i," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló rọrùn tó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa fún un nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra ọṣẹ ní Ṣàngótẹ̀dó. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo rí Bọ̀dá Páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù dúdú kan. Ọkùnrin kan tó wọ kaftáánì olówó ńlá dúró tì í, àwọn méjèèjì tẹrí mọ́ fóònù Bọ̀dá Páìpù. Ọkùnrin náà fi ìka fẹ fọ́tò kan kó tóbi, ó mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo sá sẹ́yìn òkìtì abọ́ ike tí obìnrin kan ń tà.

"Ṣé o fẹ́ ra abọ́ ni àbí o fẹ́ fi wọ́n bo ara?" obìnrin náà bi mí.

Mo bẹ̀ wọ́n, mo dúró síbẹ̀ títí jíìpù náà fi lọ. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Àǹtí mi pé ó ti tà wá fún àwọn ará Phase 1. Kò yà wọ́n lẹ́nu rárá, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó tù wọ́n lára pé ohun tí àwọn sọ ti ṣẹ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ló ránṣẹ́ pè wá. Ó ti ṣe àgbá mẹ́fà, gbogbo wọn jẹ́ búlúù, wọ́n ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ àti ìdérí lókè. Ó tò wọ́n síwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, wọ́n rẹwà. Yanrìn dé àárín àgbá, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ fún un. Ó bu omi nínú àwọn abọ́ tó ti tò sílẹ̀, ó dà á sínú àgbá àkọ́kọ́, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó fi omi náà fọ aṣọ funfun kan lójú gbogbo ọjà. Ó sá a sínú oòrùn. A dúró di ọ̀sán. Aṣọ náà gbẹ, ó funfun, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́.

Láìsí rọ́bà oníhò, kò yẹ kó funfun. Ta ló sọ fún un? Ṣé ó yọjú wò wá láti ibi ògiri tó sán ni? Mo rìn yí àwọn àgbá náà ká, mo ṣí ìdérí wọn, n kò rí ihò kankan. Ó wá dá mi lójú pé òun náà ní ohun kan tó fi pamọ́ fún mi.

"Sísí, máa bọ̀ níwájú kí wọ́n rí ẹ," ó pè mí.

Mo ti wà lẹ́yìn Àǹtí mi. Mo rò pé ó fẹ́ kí wọ́n mọ ojú mi kí ó lè rí ẹni tí yóò ti ẹ̀bi lé lórí tí wàhálà bá dé. Mo mi orí pé rárá.

"Ojú ń tì í ni," ó sọ fún àwọn èèyàn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi gbé ìpè rẹ̀. Mo gbọ́ pé àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti tà, pé Ìyá Ìjọ ra ọ̀kan sí ilé, wọ́n sì tún mú kí ìjọ ra òmíràn, torí pé ìkórè wọn ń bọ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni inú ń bí mi. Mo rí ọwọ́ mi tó ń fọṣọ, mo sì ń rí iṣẹ́ mi tó ń rìn lọ lórúkọ ẹlòmíì.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni Ìyá Ìjọ wọlé tọ̀ wá wá pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta, olúkúlùkù pẹ̀lú àpò sútánà.

"Ọmọ yìí, jáde wá."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Gbé ojú rẹ sókè. Wo ọrùn aṣọ yìí. Wò ó dáadáa. Kí lo rí?"

Ìpẹtà ni, ó pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kì í ṣe ọwọ́ wa ló fọ̀ ọ́.

"Mo mọ̀. Ọwọ́ èmi ni. Omi àgbá yín ni mo fi fọ̀ ọ́."

"Bọ̀dá Páìpù ló ṣe àgbá, mà," mo sọ.

"Òun ló ṣe àgbá, ìwọ lo ni ọgbọ́n rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó? Bí a bá ní o ṣeun, á ní ká má kí òun, ká lọ kí ọmọdébìnrin alágbàfọ̀ tó wà ní Addo. Ó ní ọwọ́ lásán ni òun."

Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń rò pé ó ń pa mí mọ́, ńṣe ló ń fi mí hàn.

Obìnrin kan nínú wọn tó ga, tó ń ran aṣọ ní òpin àdúgbò wa, dá sí i. "Èmi ti mọ ìdí rẹ̀. Alágbàfọ̀ wo ló máa ṣe àgbá tí ẹni tó bá rà á kò ní í wá fọṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó ba aṣọ jẹ́ ni, ká lè máa kó o padà wá fún wọn."

"Bíi fọkanáísà tó ń da ìṣó sójú títì," èyí tó dúró tì í sọ.

"Ẹ má bú ọmọ mi," Àǹtí mi ní. "Ẹ fi aṣọ sílẹ̀, a ó fọ̀ ọ́."

"A ó fi í sílẹ̀," Ìyá Ìjọ sọ. Wọ́n kò pariwo, ìyẹn ló tilẹ̀ bà mí lẹ́rù. "Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí omi àgbá yẹn kò bá mọ́ kó tó di ìgbà náà, èmi fúnra mi ni n ó dìde nínú ìjọ tí n ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ohun tó bá ti ọwọ́ yín jáde mọ́, kí wọ́n má sì fún yín láṣọ fọ̀."

Wọn kò tíì pẹ́ lọ tí Bọ̀dá Páìpù fi dé, ó ru àgbá búlúù kan léjìká. Mo rò pé ìjà ló gbé wá. Ó sọ àgbá náà kalẹ̀, ó kí Àǹtí mi, ó jókòó sórí ìdérí rẹ̀. Yanrìn wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún.

"Mo ti lọ kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà," ó ní. "Ìgbà mẹ́ta ni mo ti tú èyí wò. Sísí, ó dà bí ẹni pé yanrìn ni. Yanrìn tí mo lò súnmọ́ òkun jù, iyọ̀ lè wà nínú rẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá ti odò."

Mo lọ bu omi mímu wá fún un.

"Tàbí kó jẹ́ pé n kò fọ̀ ọ́ tó. Ìwọ sọ pé ìgbà márùn-ún. Bóyá márùn-ún tìrẹ kì í ṣe márùn-ún tèmi." Ó nu ojú. "Ohun tí kò yé mi ni ti ọjọ́ Sátidé yẹn. Ó ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé rí i. Mo kàn pọn omi sínú abọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo fi í sílẹ̀ sójú afẹ́fẹ́ kí n má baà máa sáré kiri láàárọ̀. Omi kan náà ni, àgbá kan náà ni. Kí ni mo ṣe lọ́jọ́ náà tí n kò ṣe mọ́?"

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Omi tó sùn sínú abọ́ gbayawu mọ́jú ti rí atẹ́gùn tó, ó ti jọ̀wọ́ ìpẹtà rẹ̀ kó tó dé inú àgbá. Kò yọjú wò wá. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó kàn ṣèèṣì ṣe ohun tí mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti sọ fún un, kò sì mọ̀ pé òun ṣe é.

"Àwọn obìnrin yẹn ní kí n sọ pé ìwọ lo kọ́ mi ní ohun tí kò tọ́," ó tún sọ. "Mo ní rárá, ọwọ́ tèmi ni kò gbà á. Má jẹ́ kó dùn ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo wo Àǹtí mi, Àǹtí mi ń wo àwọn aṣọ tó wà nílẹ̀. Ó mu omi, ó gbé àgbá rẹ̀ léjìká, ó lọ.

"Àǹtí, mo fẹ́ sọ fún un," mo ní nígbà tí géètì pa dé.

"Bí o bá sọ fún un tán, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ tí yóò fi máa wá ọ?"

"N kò mọ̀, mà."

"Ọkùnrin jíìpù ńkọ́? Ṣé o ti bi í?"

N kò bi í. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, n kò mọ ẹni tí ọkùnrin jíìpù náà jẹ́, n kò sì mọ fọ́tò tí wọ́n ń wò. Ó lè jẹ́ ilé ìwẹ̀ ẹnì kan ni. Ó sì lè jẹ́ rọ́bà mi. Mo sọ fún Àǹtí mi pé n kò bi í, pé n kò sì mọ̀ bóyá n ó bi í. Wọ́n kó sútánà Ìyá Ìjọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ìṣó gígùn méjì àti ẹ̀mú, mo wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ sí Ṣàngótẹ̀dó. Ìsọ̀ Bọ̀dá Páìpù ṣì wà ní títì, àmọ́ àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níta lábẹ́ òrùlé. Obìnrin kan ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo tọrọ àyè lẹ́bàá iná wọn, wọ́n ní kí n ṣáà má da eérú sí epo àwọn. Mo fi ìṣó sínú iná títí ó fi pọ́n. Mo ṣí ìdérí àgbá àkọ́kọ́, mo dojú rẹ̀ dé, etí rẹ̀ sì yọ sókè bíi ti àwo. Mo lu ihò sí i, wẹ́wẹ́, láti àárín dé etí. Nígbà tí ìṣó kan bá tutù, mo máa ń mú èkejì. Mo ṣe ìkejì, mo ṣe ìkẹta.

Orí ìkẹrin ni mo wà tí Bọ̀dá Páìpù fi dé. Ó dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo bu omi láti ẹnu ẹ̀rọ ọjà, mo dà á sórí ìdérí àgbá àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú àgbá bí òjò sórí páànù. Bọ̀dá Páìpù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìṣó kejì nínú iná, ó fa ìdérí karùn-ún sọ́dọ̀.

Àwọn tó ń pàtẹ ọjà ti ń dúró wò wá. Obìnrin alákàrà na ọrùn wá láti ẹ̀yìn iná wọn.

"Kí lẹ ń fi ihò yìí ṣe?" wọ́n béèrè. "Kì í ṣe pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àbí?"

Bọ̀dá Páìpù wò mí. Mo gbé ìṣó kalẹ̀. Mo gbé ojú mi sókè, mo sì sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ihò náà wà fún, àti ìdí tí kò fi sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.